Ẹni Tó Gbà Á

Áyọ́ọ̀nù gbígbóná wà lọ́wọ́ ọ̀tún Jẹ́jẹ́ nígbà tí wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí i, ọwọ́ òsì ló sì fi gbà á. Ohun tó ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti yọ kí orí rẹ̀ tó béèrè ohun tí wọ́n ń nà.

Jẹ́jẹ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ọsibítù náà ló ń pè é bẹ́ẹ̀, torí pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ní jẹ́jẹ́. Tó bá ń lọ aṣọ, tábìlì á máa mì. Tó bá ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lájà òkè á béèrè pé ta ló ń jà. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nìyí nídìí tábìlì ìlọṣọ, láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Aṣọ ibùsùn, aṣọ dókítà, aṣọ aláìsàn, kò sí ẹyọ kan tó jóná lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ọ̀gá wọn ló na kọ́kọ́rọ́ sí i. Lójú rẹ̀, Màdáámù ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Oníwèé ni, nítorí ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú kan tó máa ń fi há abíyá kiri. Ẹni tó pẹ́, ẹni tó tètè lọ, ẹni tó gba ọṣẹ, ẹni tó gba ìbọ̀wọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń kọ síbẹ̀. Wọ́n ní tó bá sín, á kọ ọ́ sílẹ̀.

“Bá mi fọwọ́ síwèé pé o gbà á,” ni Ìyá Oníwèé wí. Ó ti ṣí ìwé náà lé orí aṣọ tí Jẹ́jẹ́ ń lọ̀ lọ́wọ́.

“Kí ni mo gbà?”

“Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn ńkọ́? Àbí afẹ́fẹ́ lo dì mú?”

Jẹ́jẹ́ tẹjú mọ́ ìwé. Kò lò ju ọdún mẹ́ta lọ nílé ẹ̀kọ́. Ara páálí ọṣẹ àti àkọlé ara ògiri ọsibítù ló ti fúnra rẹ̀ kọ́ ìwé kíkà, lẹ́yìn tó ti lé lógún ọdún, nítorí náà kì í fọwọ́ sí ohun tí kò bá kà tán. Ojú ìwé náà pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ọjọ́, ohun tí a fi fúnni, ẹni tó gbà á. Wọ́n ti kọ “kọ́kọ́rọ́ bọ́ílà” sí àárín. Ní apá ìkẹta, àwọn tó ti gba ọṣẹ àti ìbọ̀wọ́ ṣáájú ti kọ “Mo gbà á”, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Òun náà kọ “Mo gbà á”, ó fọwọ́ sí i. Ó rò pé ẹni tuntun kan ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ bọ́ílà, pé wọ́n fẹ́ kí òun bá a tọ́jú kọ́kọ́rọ́ títí yóò fi dé.

Ìyá Oníwèé pa ìwé dé, ó pàtẹ́wọ́.

“Ẹ gbọ́ o! Jẹ́jẹ́ ti gbà o! Láti òní lọ, òun ni yóò máa mójú tó bọ́ílà wa.”

Bọ́ílà yìí ni àgbá irin ńlá tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn, tó ń se omi di ooru fún gbogbo ẹ̀rọ ilé ìfọṣọ. Tí kò bá ṣiṣẹ́, kò sí ẹ̀rọ kankan tó máa gbóná. Aago méje ni wọ́n ń tan án. Èèyàn gbọ́dọ̀ máa lọ wo omi inú gíláàsì ara rẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, torí tí omi bá lọ sílẹ̀ jù tí iná ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, á bú gbàmù, ògiri á sì bá a lọ. Tí wọ́n bá pa á, ẹni tó pa á gbọ́dọ̀ dúró tì í títí abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀, tó ń fi agbára ooru inú rẹ̀ hàn, yóò fi sọ̀ kalẹ̀ dé òdo. Ìyẹn ń gbà tó wákàtí méjì. Ogún ọdún ni Baba Bọ́ílà fi ṣe iṣẹ́ náà kó tó fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Wọn ò gba ẹnikẹ́ni sípò rẹ̀.

“Màdáámù, kí lẹ ní mo gbà?”

“Iṣẹ́ bọ́ílà.”

“Kọ́kọ́rọ́ ni mo gbà. Ẹ nawọ́ nǹkan sí mi, mo gbà á. Ta ló gbà láti ṣiṣẹ́?”

“Gbígbà kọ́ ni gbígbà? Ṣebí ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ kọ ọ́. Mi ò fipá mú ẹ o.” Ìyá Oníwèé wá rọ ohùn. “Wò ó, àǹfààní ńlá ni. Ìgbéga ni. Ẹbí kan ṣoṣo la jẹ́ níbí, tí ọ̀kan bá lọ, òmíràn á dìde.”

Jẹ́jẹ́ mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ tí wọ́n pè é ní òpó ilé ìfọṣọ ni wọ́n fi aṣọ àwọn dókítà kún tiẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pè é ní ìyá rere ni wọ́n ní kó bá àwọn fọ ilé ìyàgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ dídùn kan tó wọ etí rẹ̀ níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ nídìí.

“Aago mélòó ni ìgbéga yìí ń parí?”

“Aago márùn-ún. Bóyá ó lé díẹ̀.”

“Aago mẹ́ta ni mo ń lọ sílé.”

“O máa ń lọ tẹ́lẹ̀ ni,” ni Ìyá Oníwèé wí, ó sì fi ìwé rẹ̀ há abíyá, ó lọ.

Kì í ṣe pé Jẹ́jẹ́ ya ọ̀lẹ. Bàbá rẹ̀ ni wàhálà rẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí bàbá náà ti ń gbàgbé nǹkan. Ó gbàgbé orúkọ ọmọ, ó gbàgbé ojú ilé, ó gbàgbé pé òun ti jẹun, ṣùgbọ́n kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀kan, ojú irin rélùwéè ni wọ́n ti rí i, bàtà wà ní ẹsẹ̀ kan, ó ń bínú pé ọkọ̀ pẹ́ jù. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Jẹ́jẹ́ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló pín in ṣe. Àbúrò yìí ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́jú. Tó bá dé láàárọ̀, Jẹ́jẹ́ á jáde. Tí Jẹ́jẹ́ bá dé ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, àbúrò náà á jáde. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń gba bàbá lọ́wọ́ ara wọn, wọn kì í ráyè kíra dáadáa.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, aago márùn-ún kọjá dáadáa kí abẹ́rẹ́ tó dé òdo. Jẹ́jẹ́ ti fi fóònù sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà fún àbúrò rẹ̀. Nígbà tó délé, àbúrò náà ti wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ibẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ aago tó lù?”

“Mo ní aago lọ́wọ́.”

“Ọ̀gá mi ní tí mo bá tún pẹ́, kí n kúkú jókòó kí n máa ṣọ́ ilé bàbá mi.”

“Ilé bàbá ẹ náà lo ń ṣọ́ yìí.”

“Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́?”

“Ọwọ́ ló gbà á, èmi kọ́!”

“Ẹ lọ sọ fún ọwọ́ yín kó máa bọ̀ wálé láago mẹ́ta nígbà náà.” Ó ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kó tó sọ ọ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ lọ bá Ìyá Akáṣọ. Obìnrin yìí ló ń ká gbogbo aṣọ tí Jẹ́jẹ́ bá lọ̀, wọ́n sì ti jọ ń jẹ búrẹ́dì àárọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun jókòó ti abẹ́rẹ́ náà lẹ́yìn aago mẹ́ta, ọjọ́ yìí nìkan.

Ìyá Akáṣọ kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ta ni wọ́n gbé ga?”

“Èmi ni, ṣùgbọ́n…”

“Ta ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún?”

“Ìwọ yìí náà wà níbẹ̀, o mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.”

“Mo wà níbẹ̀ dáadáa. Mo rí i tí o kọ ọ́. Èmi ò gba kọ́kọ́rọ́ kankan, mi ò sì ní jókòó ti ohun tó máa bú gbàmù.” Ó na aṣọ ibùsùn kan, ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin. “Ọ̀gá bọ́ílà, ẹ kúrò lójú iná mi kí n ríran, ẹ jọ̀ọ́.”

Ọ̀gá bọ́ílà náà ni wọ́n wá ń pè é. Tó bá ń kọjá, wọ́n á ní, “Ẹ yẹra fún ọ̀gá bọ́ílà.” Tó bá wọlé láàárọ̀, ẹnì kan á dìde dúró gbọnrangandan bíi ṣọ́jà, àwọn tó kù á wá bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ìlọṣọ rẹ̀ kò sì dín. Ó ń sáré láti ìdí tábìlì lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó ń sáré padà, òógùn ń ṣàn sí i lójú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó wo gíláàsì bọ́ílà, kò sì rí omi nínú rẹ̀ rárá fún bíi ìṣẹ́jú kan. Àṣé òógùn ara rẹ̀ ló dí i lójú.

Lọ́jọ́rú, àbúrò rẹ̀ kò dúró dè é mọ́. Ó ti bàbá mọ́lé, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ délé, gíláàsì fèrèsé ti fọ́ sí ìta. Bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé náà, ó gbé ọwọ́ kan lé orí itan, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Kò sunkún. Inú ń bí i.

“Wọ́n tì mí mọ́lé,” ni bàbá wí. “Kí ni mo jí?”

“Ẹ ò jí nǹkan kan, bàbá. Ẹ nawọ́ yín kí n dì í.”

“Mi ò nawọ́ sí ẹni tí mi ò mọ̀.”

“Èmi ni. Ọmọ yín ni.”

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. “Ọmọ mi kì í pẹ́ báyìí,” ló sọ, ó sì fi ọwọ́ náà pamọ́ sí abíyá.

Ó tó ìdajì wákàtí kó tó jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Àtẹ́lẹwọ́ ló ya, láti ìdí àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́. Jẹ́jẹ́ fi aṣọ mímọ́ dì í, ó gbá gíláàsì, ó fọ ilẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ì bá ti bẹ̀rù.

Ní kùtùkùtù ọjọ́bọ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ bá Ìyá Oníwèé.

“Mo dá a padà.”

“Ta lo dá a padà fún?” Ìyá Oníwèé kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn. “Kò sí ẹni tó ń gbà á. Tí o bá gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn tó sọnù, orúkọ ẹ ló wà nínú ìwé. Ẹyọ kan yẹn la sì ní.”

Ó gun òkè lọ bá ọ̀gá àgbà ọsibítù. Ọ̀dọ́kùnrin ni, yàrá rẹ̀ tutù nini, àga rẹ̀ sì ń yí. Ìyá Oníwèé ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ìwé ti wà ní ṣíṣí lórí tábìlì.

“Ẹ jókòó, Màmá,” ni ọ̀gá àgbà wí.

“Mi ò bí yín. Mo wá dá kọ́kọ́rọ́ padà.”

“Ṣé kì í ṣe ọwọ́ yín nìyí? ‘Mo gbà á.’”

“Ọwọ́ mi ni. Tí ẹ bá fún mi lómi, máa gbà á. Ṣé mo ti gbà láti máa pọn omi fún yín nìyẹn?”

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ ò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ìfarajìn la ń sọ. Gbogbo wa la ní ìpèníjà, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ máa wo iwájú.”

“Bàbá mi fọ́ fèrèsé, gíláàsì ya á lọ́wọ́, torí pé mo ń wo abẹ́rẹ́ yín. Ìyẹn ni ohun tí èmi ń wí. Kí lẹ̀yin ń wí?”

“Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìdílé ràn yín lọ́wọ́.” Ó ti ń wo fóònù rẹ̀. “Ẹ máa lọ sídìí iṣẹ́.”

Kọ́kọ́rọ́ bá a sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí yàrá bọ́ílà, ó sì dúró níwájú ìwé òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ti kà á lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n ohun tí kò ní jẹ́ kí ilé wó ló ń wá nígbà náà. Báyìí, ó ka gbogbo rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ ọ. Nọ́ńbà kẹsàn-án ló dá a dúró: “Ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ fi bọ́ílà sílẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó dé òdo. Òun nìkan ló láṣẹ láti tan án àti láti pa á.” Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn kankan nínú rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ gba àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ yẹn. Ó ní ti ọjọ́ náà nìkan ni wọ́n fún òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ lọ ogójì aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ó tò wọ́n síbi kan. Nígbà tí aago kan ọ̀sán lù, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó pa bọ́ílà.

Ẹ̀rọ dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tútù kún inú wọn fọ́fọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sán, èèyàn ń gbọ́ ìró bàtà ẹnìkejì.

“Kí ló dé?” ni Ìyá Akáṣọ pariwo.

“Mo pa á. Aago mẹ́ta ni mo ń lọ.”

“O pa á? Tó o bá pa á, a ò ní parí iṣẹ́, tá ò bá parí, Sátidé ni wọ́n máa ní ká wá parí ẹ̀! Sátidé tèmi! Torí bàbá ẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Torí bàbá mi.”

“Aláìláàánú! Ọ̀tá èèyàn! Mo sì ń bá ẹ jẹun!”

“Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí o jókòó tì í ní wákàtí méjì péré. O ní kí n kúrò lójú iná ẹ. Mo ti kúrò.”

Àwọn tó kù yí i ká, oníkálukú ń sọ èyí tó wà nínú ẹ̀. Ẹnì kan ju aṣọ tútù lu ẹ̀yìn rẹ̀. Kò wo ẹ̀yìn. Ó gbé àga kan, ó jókòó síwájú abẹ́rẹ́.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà fi wọlé, òógùn ti bò ó, Ìyá Oníwèé wà lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan sì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn wọn.

“Aṣọ iṣẹ́ abẹ dà?” ni nọ́ọ̀sì béèrè. “Àbí ẹ fẹ́ ká tẹ́ èèyàn sórí irin lásán?”

“Ó wà lórí tábìlì mi. Ogójì ni. Ẹ máa kó o lọ.”

Nọ́ọ̀sì kó o, ó lọ. Ọ̀gá àgbà wá kọjú sí Jẹ́jẹ́.

“Ta ló ní kí ẹ pa á?”

Jẹ́jẹ́ fi orí tọ́ka sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. “Ẹ̀yin ni. Nọ́ńbà kẹsàn-án. Ẹ fọwọ́ sí i.”

“Ẹ tan án báyìí!”

“Ẹ gbà á, kí ẹ tan án.” Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ọ̀gá àgbà wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wo gíláàsì omi, ó wo ògiri. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Jẹ́jẹ́ na kọ́kọ́rọ́ sí Ìyá Oníwèé. Ìyẹn di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà bí ìgbà tí èèyàn ń gbé ọmọ. Ó nà án sí Ìyá Akáṣọ. Ìyá Akáṣọ pòṣé, ó yí ẹ̀yìn padà. Gbogbo wọn ló fẹ́ kí iná jó, kò sí ẹni tó fẹ́ dúró tì í.

“Iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ yín,” ni ọ̀gá àgbà wí.

“Ẹ kọ ìwé pé ẹ lé mi nítorí pé mo tẹ̀lé òfin yín. Màá kà á dáadáa kí n tó fọwọ́ sí i.”

Kò kọ ìwé kankan. Ó jáde. Abẹ́rẹ́ dé òdo nígbà tí aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Jẹ́jẹ́ ti ilẹ̀kùn irin náà pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí báàgì, ó gba ilé lọ. Kò sẹ́ni tó kí i pé ó dàárọ̀. Àbúrò rẹ̀ ti ń wo ọ̀nà nígbà tó dé.

Aago márùn-ún kò tíì lù tí ẹnì kan fi kanlẹ̀kùn. Ìyá Oníwèé ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àtẹ̀gùn àjà mẹ́rin ló gùn.

“Ọ̀gá ní kí n wá gba kọ́kọ́rọ́. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti ọsibítù míì, aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la ló máa dé. Ó máa bá wa ṣe é títí wọ́n á fi gba ẹlòmíì.”

“Àṣé ẹ lè rí èèyàn.”

“Mú un wá.”

“Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé.”

Ìyá Oníwèé ṣí ìwé lórí orúnkún rẹ̀, lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀. Ó kọ ọ́, ó kọ ọ́, ó pẹ́ ju bí ó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ kékeré pẹ́ lọ. Jẹ́jẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á. “Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni mo gbà. N kò gba iṣẹ́ bọ́ílà.”

Jẹ́jẹ́ tún un kà. Títí di ìgbà yẹn, ó ti ń rò pé ọ̀rọ̀ “gbà” ló rú obìnrin náà lójú.

“Ẹ mọ̀ ọ́n,” ló wí.

“Kí ni mo mọ̀?”

“Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ ti mọ̀ ọ́n.”

“Kí lo fẹ́ kí n kọ? Kí n lọ jóná níbẹ̀? Èmi tí mo ní ọmọ mẹ́ta nílé?”

“Èmi ńkọ́?”

Ìyá Oníwèé nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Láti inú yàrá, bàbá ń béèrè pé ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣé àwọn tó tì í mọ́lé lọ́jọ́sí ni. Ìyá Oníwèé gba kọ́kọ́rọ́, ojú rẹ̀ le.

“Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, má dé ìdí tábìlì ìlọṣọ mọ́,” ló wí. “Ibi aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ni mo kọ ẹ́ sí. Ìwọ ni wàá máa ṣà á, ìwọ ni wàá máa gbọn ìgbẹ́ ara rẹ̀ dà nù. Ẹni tó bá mọ ìwé kà tó báyìí, ó yẹ kó mọ àbàwọ́n kà.”

“Aago mélòó ni wọ́n ń parí níbẹ̀?”

Ìyá Oníwèé wò ó bí ẹni pé ó gbọ́ èdè míì. “Mẹ́ta.”

Jẹ́jẹ́ na ìwé náà padà sí i. “Ẹ kọ aago náà síbẹ̀,” ló wí, “kí n tó fọwọ́ sí i.”